Bí Ìdílé Yín Bá Ń Lọ sí Róòmù



Láti ìgbà tí a ti dé láti Róòmù ni àwọn ènìyàn ti ń dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan á ní ọmọ òun tó wà ní ilẹ̀ Faransé fẹ́ mú òun dé ibẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ń dá owó jọ. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: kí la ó mú lọ, kí la ó wò, èló ni wọ́n ń gbà níbẹ̀? A kò lè dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn tán, la bá ní kí a kọ ọ́ sí ojú ìwé àwọn ìdílé, kí ẹni tó mọ̀wé kà á sétí ẹni tí kò mọ̀.

Àwa mọ́kànlá la lọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, nínú ọdún Júbílì: bàbá mẹ́ta, ìyá márùn-ún, ọmọ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́jọ la lò. Ilẹ̀kùn Mímọ́ tí a gbà kọjá nígbà náà ti wà ní títì láti ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, ẹ kò ní bá a ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n ìlú náà kò kúrò níbi tó wà. A ṣe àwọn nǹkan kan dáadáa, a sì ṣe àwọn nǹkan mìíràn bí òpè. Méjèèjì la ó sọ, kí ìyà tó jẹ wá má bàa jẹ yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rù ìlú ńlá bà yín jù. Orúkọ Kádínà Bernardin Gantin ni wọ́n fi pe pápákọ̀ òfuurufú Kútọnu tí a ti gbéra. Ní ọdún 1971 ni wọ́n pè é kúrò ní ipò àrísíbíṣọ́ọ̀bù Kútọnu lọ ṣiṣẹ́ ní Róòmù, ọdún 2002 ló sì tó padà wá gbé ilé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi rìn lórí òkúta ìlú náà. Ẹsẹ̀ ọmọ yín ti tẹ ibẹ̀ ṣáájú yín.

KÍ Ẹ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Ẹ yan oṣù. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, oòrùn Róòmù ń jó ni bí ti ẹ̀ẹ̀rùn wa, èrò á sì pọ̀. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, òtútù ibẹ̀ ju ti ọyẹ́ wa lọ fíìfíì. Àgbà tí orúnkún ń dùn kò ní gbádùn rẹ̀. Oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹwàá ló rọ ara lọ́rùn jù.

Ẹ má wọ bàtà titun. Òkúta dúdú kéékèèké ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ òpópónà ibẹ̀, ó sì rí gbágungbàgun. Ìyá kan nínú wa ra bàtà titun nítorí ìrìn àjò náà. Ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Sálúbàtà ló fi rìn títí a fi padà. Bàtà tí ẹ ti fi lọ ọjà fún oṣù méjì ni kí ẹ wọ̀ lọ.

Owó yúrò ni wọ́n ń ná. Yúrò kan jẹ́ bíi fàránkì sẹ́fà 656, iye yìí kì í sì í lọ sókè sódò bí ti náírà. Ẹ kọ ìṣirò rẹ̀ sórí ìwé kékeré: yúrò 5 jẹ́ bíi 3,280 fàránkì, yúrò 10 jẹ́ bíi 6,560. Ìyá tó bá rí ìwé yìí lọ́wọ́ kò ní ra ohun tí kò tó nǹkan lówó gegere.

Ní ti ibùsùn, ẹ wádìí ilé àwọn Másẹ̀ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìsìn ní Róòmù ló ń gba àlejò, ó mọ́ tónítóní, ara sì máa ń balẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ kàn mọ̀ pé wọ́n ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Ẹ béèrè aago tí wọ́n ń tì í. Ìlú náà tún ń gba owó orí díẹ̀ lọ́wọ́ àlejò fún òru kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí owó yàrá. Ẹ béèrè rẹ̀ ṣáájú kó má bàa dà bí ẹni pé wọ́n rẹ́ yín jẹ.

Ohun kan tún wà nípa orúkọ. Àwọn ibì kan wà tí orúkọ ẹni gbọ́dọ̀ wà lára ìwé ìwọlé, kó sì bá ti páásípọ́ọ̀tì mu. Láàárín wa, orúkọ ìrìbọmi la fi mọ ẹnì kan, orúkọ ilé la fi mọ ẹlòmíràn, èyí tó wà nínú páásípọ́ọ̀tì sì tún lè yàtọ̀. Ẹni tí yóò ra ìwé náà fún yín, ẹ jẹ́ kó da orúkọ kọ láti inú páásípọ́ọ̀tì gan-an.

ILÉ PÉTÉRÙ MÍMỌ́

Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ nìyí. A dé gbàgede Pétérù Mímọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, a rí ìlà tó yí ká bí ejò. Ọkùnrin kan wá bá wa, ó so káàdì mọ́ ọrùn, ó ń sọ Faransé geerege. Ó ní wákàtí mẹ́ta la ó fi dúró, ṣùgbọ́n bí a bá san yúrò 30 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, òun yóò mú wa wọlé kíá. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: àwa mọ́kànlá, yúrò 330, ó lé ní 216,000 fàránkì. A san án. Ó mú wa yí igun kan, ó mú wa dé ẹ̀yìn ìlà kan náà, ó ní kí a dúró, òun ń bọ̀. A kò rí i mọ́.

Ìlà náà kò tilẹ̀ gbà wá ju àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tí a dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó ń gba owó níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé sí ilé Pétérù Mímọ́. Ohun tó ń fa ìlà ni yíyẹ ẹrù wò, bí wọ́n ti ń ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú. Lára owó tí a sọnù bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn ìyá ti fi gàrí àti epo dá jọ fún ọdún méjì. Ó dùn wá dọ́kàn. Owó tí ẹ lè san níbẹ̀ ni ti afinimọ̀nà, bí ẹ bá fẹ́, tàbí ti gígun òrùlé. Ẹ dé ibẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, ẹ ó rí i pé ìlà kò gùn.

Aṣọ ní òfin níbẹ̀. Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà ní bíbò, t'ọkùnrin t'obìnrin. Ìró àti bùbá wa kò ní wàhálà kankan. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ṣòkòtò kúkúrú ni kí ẹ kìlọ̀ fún. Bàbá tó dé fìlà yóò ṣí i.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ère Màríà tó gbé òkú Ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ wà, iṣẹ́ Michelangelo, tó gbẹ́ ẹ nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní ọdún 1972, ọkùnrin kan fi òòlù fọ́ ọ níbi púpọ̀. Wọ́n tún un ṣe, láti ìgbà náà ló sì ti wà lẹ́yìn gíláàsì. Ẹ tún rìn díẹ̀ sí i ní apá ọ̀tún kan náà, ẹ ó dé ibojì Jòhánù Pọ́ọ̀lù Mímọ́ Kejì, tó wá sí ilẹ̀ wa ní ọdún 1982 àti ní ọdún 1993. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ilé náà, níbi tí ọ̀pọ̀ Póòpù wà, ni ibojì Póòpù Bẹ́nẹ́díktì Kẹrìndínlógún wà. Òun náà wá sọ́dọ̀ wa ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, ó sì gbàdúrà níbi ibojì Kádínà Gantin ní Ouidah. Àwọn àgbà inú wa tí wọ́n ti fojú rí àwọn méjèèjì ní Kútọnu dúró níbẹ̀ pẹ́. Wọ́n ní àwọn wá dá àbẹ̀wò padà ni. Ẹ má ṣe kánjú kọjá ibẹ̀.

Ní ti òrùlé rìbìtì tó ga jù lọ, àtẹ̀gùn 551 ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá san owó ẹ̀rọ agbénigòkè, 320 ṣì kù tí ẹ ó fi ẹsẹ̀ gùn. Ọ̀nà rẹ̀ tóóró, ògiri rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó bá rẹ̀ kò sì lè rọra yí padà nítorí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá kan àti àwọn ọmọ ló gùn ún. Àwọn ìyá dúró nísàlẹ̀, wọ́n ní Ọlọ́run gbọ́ tàwọn láti ibi tí àwọn wà.

ỌJỌ́RÚ WA, ÀTI ÌYÁ TÓ SỌNÙ

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni Bàbá Mímọ́ máa ń rí àwọn èrò, bí ó bá wà nílé. Ọ̀fẹ́ ni ìwé ìwọlé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Fádà ìjọ yín bá yín kọ̀wé béèrè rẹ̀ ṣáájú. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó fún un, ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, ní aago méjìlá, ó tún máa ń yọjú lójú fèrèsé láti gbàdúrà Ángẹ́lù pẹ̀lú àwọn ènìyàn. Ti èyí kò gba ìwé rárá.

A dé gbàgede ní kùtùkùtù. Bàbá Mímọ́ Léò Kẹrìnlá gba àárín èrò kọjá nínú ọkọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ wa sì rí i dáadáa. Ìbùkún ìkẹyìn kan àwọn ará ilé tí ẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú, àti rósárì tó bá wà lọ́wọ́ yín. Nítorí náà ẹ ti ra tiyín ṣáájú.

Nígbà tí ó parí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá wa kan, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, di ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mú. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, kò rí Ìyá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀bi wa. Ìyá kò gbọ́ ju Yorùbá àti Faransé díẹ̀ ti ọjà lọ. Kò ní tẹlifóònù. Kò mọ orúkọ ilé tí a dé sí. Páásípọ́ọ̀tì gbogbo wa, àpò kan la kó o sí, kó má bàa sọnù: a ṣọ́ ìwé, a kò ṣọ́ ènìyàn. Kò sì sí ẹni tó sọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà pé, bí ẹnikẹ́ni bá ṣìnà, ibi báyìí ni ká ti pàdé.

A pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan lọ bá ọlọ́pàá, wọ́n gbọ́ wa, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan lọ sí ẹnu gbogbo ọ̀nà tó jáde. Àwọn kan padà sílé àwọn Másẹ̀ẹ̀, bóyá a rí ẹni tó mú un lọ. Wákàtí méjì kọjá. Ọmọ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú ń sunkún, kò jẹ, kò mu. Ọkọ ọmọ Ìyá wà láàárín wa. Kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a mọ ohun tó ń rò: kí ni òun ó sọ fún ìyàwó òun nílé?

Nígbà tí èrò tú tán, a rí i. Ó jókòó nítòsí ìdí òpó òkúta gíga tó wà ní àárín gbungbun gbàgede, ó tẹ́ ìborùn sílẹ̀, rósárì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A sáré lọ bá a. “Ìyá, níbo lẹ lọ?”

Ó ní, “Èmi kò lọ síbì kankan. Ẹ̀yin lẹ sọnù.”

Ó wá ní: “Lọ́jà wa, ta ni kò mọ̀ pé bí ọmọ bá sọnù, ìdí igi ńlá ló ń lọ dúró sí? Mo wò yíká, n kò rí igi. Òkúta yìí ló ga jù. Mo ní bí wọ́n bá gbọ́n, ibẹ̀ ni wọn ó wá.”

Wákàtí méjì ni a fi wá ọgbọ́n náà kiri. Lẹ́yìn náà la sọ fún un pé ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n ti gbé òkúta náà wá ní ayé àwọn ọba Róòmù àtijọ́, pé ọdún 1586 ni wọ́n gbé e dúró síbi tó wà yìí. Ó ní, “Ará Áfíríkà ni òun náà, kò burú.”

Láti ọjọ́ náà lọ, ibikíbi tí a bá dé, ìbéèrè wa àkọ́kọ́ ni: “Níbo ni igi wa?” A ó yan ohun kan tó ga tí gbogbo ènìyàn lè rí, a ó fọwọ́ tọ́ ọ fún àgbà àti ọmọdé, kí a tó ṣí ẹsẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba páásípọ́ọ̀tì rẹ̀ padà, ó fi kọ́ ọrùn lábẹ́ aṣọ. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé. Másẹ̀ẹ̀ kan bá wa kọ orúkọ ilé, òpópónà àti nọ́ńbà tẹlifóònù sórí páálí kéékèèké ní èdè Ítálì, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì fi tirẹ̀ sí àpò. Nọ́ńbà tí ẹ ó pè bí nǹkan bá le ni 112. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a kọ síhìn-ín, ẹ má gbàgbé ìpínrọ̀ yìí.

ÀWỌN IBI TÍ GBOGBO AYÉ Ń LỌ

Ilé àwọn ohun àtijọ́ ti Fátíkánì, tí wọ́n ń pè ní Musei Vaticani, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà Pétérù Mímọ́ ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Ẹ ó yí ògiri ìlú kékeré náà ká kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ ra ìwé ìwọlé ṣáájú, láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n máa ń tì í ní Ọjọ́ Ìsinmi, àfi èyí tó kẹ́yìn nínú oṣù, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí èrò rẹ̀ sì ń pọ̀ bí omi. Yàrá rẹ̀ pọ̀, ó gùn, ẹsẹ̀ á ro yín. Ìkẹyìn rẹ̀ ni ilé àdúrà Sístínì, tí Michelangelo kun òkè rẹ̀ láti ọdún 1508 dé 1512. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò níbẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ pariwo. Bí ẹ bá rí àyè lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ jókòó, ẹ gbé ojú sókè.

Kọlọséò ni ilé eré ńlá tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti ń wo bí ènìyàn àti ẹranko ṣe ń pa ara wọn. Ọdún 80 ni wọ́n ṣí i. Ibẹ̀ ni ìwé ìwọlé ti ń ní orúkọ ẹni àti aago tí a ó wọlé. Bí ẹ bá pẹ́, ẹ lè pàdánù rẹ̀. Wọ́n kì í jẹ́ kí ẹ mú ìgò gíláàsì tàbí àpò ńlá wọlé. Ìwé kan náà ni ẹ ó fi wo àwókù ìlú àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí oòrùn ti mú tí ìbòòji kò pọ̀. Lóde, ẹ lè pàdé àwọn ọkùnrin tó múra bí jagunjagun àtijọ́. Wọn á dì mọ́ yín láti ya fọ́tò, lẹ́yìn náà wọn á béèrè owó. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kọjá. Bàbá kan nínú wa ní ohun tí òun yóò rántí níbẹ̀ ni àgbélébùú tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú ilé ikú yẹn, àti pé Ọjọ́ Ẹtì Rere ni wọ́n ń rìn Ọ̀nà Àgbélébùú níbẹ̀ lọ́dọọdún.

Páńtéónì wù wá púpọ̀. Ilé òrìṣà ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 609 ni ó di ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Mímọ́ àti àwọn Mátírì. Òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, ihò kan sì wà láàárín rẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà mẹ́sàn-án, tí kò ní ìdérí. Bí òjò bá rọ̀, ó ń rọ̀ wọlé, omi rẹ̀ á sì gba ihò kéékèèké ilẹ̀ lọ. Láti oṣù Keje ọdún 2023 ni wọ́n ti ń gba owó ìwọlé níbẹ̀. Yúrò 5 ni àgbàlagbà san nígbà tiwa, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò san. Ẹni tó bá wá fún Mísà kì í sanwó.

Orísun omi Trévì, tí wọ́n parí ní ọdún 1762, kò jìnnà síbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń sọ owó ẹyọ sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa béèrè ẹni tó ń kó o: Káríítàsì ti Róòmù ló ń gbà á fún àwọn tálákà. Ẹ má ṣe tẹ ẹsẹ̀ bọ omi náà, owó ìtanràn wà níbẹ̀. Bákan náà, láti ọdún 2019 ni wọ́n ti kọ̀ fún ènìyàn láti jókòó sórí Àtẹ̀gùn Sípéènì. Ẹni tó rẹ̀, kó wá ibòmíràn sinmi.

LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kí ẹ tó wọlé, ní ìsọ̀ tó ní àmì T lára. Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì, ẹ fi í sẹ́nu ẹ̀rọ kó tẹ̀ ẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tí a kò tẹ̀ dà bí ẹni tí kò san nǹkan kan. Èyí tó wọ́pọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ẹ sì lè fi í wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn olè tí ń yọ owó lápò fẹ́ràn bọ́ọ̀sì tó kún, pàápàá èyí tó ń lọ sí Fátíkánì àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ẹ má fi owó sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Àwọn ìyá wa tí wọ́n so owó mọ́ ìdí ìró kò pàdánù kọ́bọ̀.

Ẹ má máa ra omi. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ẹ̀rọ omi tó wà káàkiri ìlú náà, tó ń dà tọ̀sán tòru, tó tutù, tó sì mọ́. Wọ́n ń pè é ní nasone, ìyẹn imú ńlá, nítorí bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí. Ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, omi á tú jáde láti ihò kékeré òkè, ẹ ó sì mu ún láìtẹ̀ba púpọ̀. Ẹ kàn mú ike kan dání. Bí ẹ bá fẹ́ mu kọfí, ẹ mu ún lórí ìdúró. Bí ẹ bá jókòó sí tábìlì, owó rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì.

Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké máa ń ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán, wọn á tún ṣí i ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ńlá kì í tì. Ní ibi púpọ̀, àwòrán dáadáa wà nínú òkùnkùn, àpótí kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹ sọ owó ẹyọ sí i, iná á tàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

IBI TÍ A DÚRÓ PẸ́ JÙ

A lọ sí ilé Màríà Mímọ́ tó Tóbi Jù, níbi tí wọ́n sin Póòpù Fránsísì sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Orúkọ rẹ̀ nìkan, Franciscus, ló wà lára òkúta náà. A lọ sí ti Jòhánù Mímọ́ ní Látéránì, tó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá Mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù Róòmù. Níwájú rẹ̀ ni Àtẹ̀gùn Mímọ́ wà, àtẹ̀gùn 28, tí ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ ní Hẹ́lẹ́nà Mímọ́ ló kó wá láti Jerúsálẹ́mù. Orúnkún nìkan ni wọ́n fi ń gùn ún. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò gbà, àtẹ̀gùn mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó lè fi ẹsẹ̀ gùn. Ẹ má fi agídí ṣe é.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ṣì ní ibi mẹ́rin lórí ìwé wa. Èyí àkọ́kọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì Ògústínì Mímọ́, Sant'Agostino, ìrìn díẹ̀ sí Páńtéónì. Àwọn àlejò tó ń lọ síbẹ̀ kò pọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ibẹ̀ ni ibojì Mọ́níkà Mímọ́ wà, ìyá Ògústínì, ọmọ Tagaste ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùjíríà lónìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi sunkún nítorí ọmọ rẹ̀ tó ṣáko, ó sì rí i tó padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ní ọdún 387, nígbà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn padà sí Áfíríkà, ló kú ní Ostia, létí òkun Róòmù.

A sọ ìtàn yìí fún àwọn ìyá ní Yorùbá, níwájú ibojì náà. Ìyá tó sọnù ní Ọjọ́rú kúnlẹ̀. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa rí pé òun ní ọmọkùnrin kan tó ti jáde nílé láti ọdún mẹ́sàn-án, tí kò ránṣẹ́ mọ́. Ó ní ìtorí rẹ̀ ni òun ṣe dá owó náà. A kò mọ ohun tí a ó sọ. Ẹni tó mú ìwé ìrìn wa lọ́wọ́ wo aago, ó wo Ìyá, ó sì ká ìwé náà sápò.

A kò dé ibi mẹ́ta tó kù. A jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn ọ̀sán. Nínú ilé àdúrà àkọ́kọ́ lápá òsì, a tan iná sí àwòrán kan tí Caravaggio kùn: Màríà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Ọmọ rẹ̀, arúgbó méjì, ọkùnrin àti obìnrin, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ti ọ̀nà jíjìn dé, àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin náà dọ̀tí, ó kọjú sí wa. Ìyá tí bàtà titun bó lẹ́sẹ̀ wò ó, ó wo sálúbàtà tirẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Wọ́n ti mọ̀ pé a ń bọ̀.”

Nítorí náà, ẹ̀yin ìdílé wa, bí ẹ bá ń kọ ìwé ibi tí ẹ ó lọ, ẹ kọ ibi méjì fún ọjọ́ kan, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà yín, kí ẹ tó gbéra, ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lọ, kí ẹ lè mú wọn dé ibẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì lágbára. Ibi tí ẹ bá dé, ẹ wá igi yín. Ẹ sì bá Ìyá wa gbàdúrà nítorí ọmọ rẹ̀.

Ọlọ́run á mú yín lọ, á mú yín bọ̀.